Ta Ló Kọ Kú Síwájú Orúkọ Jórinjórin?

"Ẹnì kan ti pa ọkọ mi nínú kọ̀ǹpútà," ni obìnrin náà wí. "Ẹ bá mi wá a rí kó tó pa á nínú ihò."

Mo gbé ojú sókè. Tíì mi ṣì ń gbóná níwájú mi, mi ò tíì fi ẹnu kàn án. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, mo ti gbọ́ ti ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ pa, mo ti gbọ́ ti ẹni tó jẹ májèlé, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pa sínú kọ̀ǹpútà, etí mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé ilé ìwòsàn ló yẹ kó lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá mi tó ti fa àga fún un kí n tó la ẹnu.

Abẹ́rẹ́ là ń pe ọ̀gá mi ní àgọ́ wa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, bó bá sì gún ènìyàn, ẹni náà kì í tètè mọ̀. Èmi ni Kọ́púrù tó máa ń tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wa mọ́tò, kí n sì máa bínú nígbà tí òun ò bá bínú.

"Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Aránṣọ ni obìnrin náà. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jọ pé ó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Jórinjórin ni ọkọ rẹ̀, ní ibi ìwakùsà tó wà lẹ́yìn òkè. Lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn ni apá kan ihò náà ya lulẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ráyè jáde àyàfi jórinjórin yìí, tó ti lọ jó irin lójú ọ̀nà réluwéè ní ìpẹ̀kun ihò. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ walẹ̀ lọ bá a, tí páǹpù sì ń ti afẹ́fẹ́ sí i láti inú páìpù gígùn kan.

"Kọ̀ǹpútà kan wà lẹ́nu géètì," ni Aránṣọ wí. "Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, ẹni tó kù sísàlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ọkọ mi kù. Mo fi ojú ara mi rí i. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n ti kọ kú. Wọ́n ti pa páǹpù. Wọ́n ti ní kí àwọn tó ń walẹ̀ máa lọ sílé. Mo ní ta ló rí òkú ẹ̀? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó tíì débẹ̀. Mo ní ta ló wá sọ pé ó kú? Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni."

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi fọ́tò tó yà ní ìrọ̀lẹ́ àná hàn wá. Mo yọjú sí i. Orúkọ ọkọ rẹ̀ rèé, k àti u rèé níwájú rẹ̀. Mo dá fóònù padà. Abẹ́rẹ́ gbà á, ó wò ó títí, ó ní kí Aránṣọ jẹ́ kó ṣì wà lọ́wọ́ òun.

"Kọ́púrù, ó yá, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò."

"Mà, tíì mi..."

"Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò yẹn ò ní dúró dè ẹ́ kí o mu tíì."

Bí a ṣe fi tíì sílẹ̀ nìyẹn.

*

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbi ìwakùsà náà ni pé ibẹ̀ dákẹ́. Ibi tí páǹpù ti ń dún tọ̀sán tòru ti wá pa rọ́rọ́, èèyàn á máa gbọ́ ìró bàtà ara rẹ̀. Aránṣọ lọ taara sí ẹ̀gbẹ́ páǹpù náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ lé irin rẹ̀. Kò bá wa wọlé.

Ẹnjiníà tí ilé-iṣẹ́ rán wá láti olú ọ́fíìsì, pé kó wá darí iṣẹ́ náà, wà nínú ọ́fíìsì. Amọ̀ ti gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì hàn pé kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú, torí mo ti múra sílẹ̀ de ìkà ènìyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tan páǹpù," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Mi ò lè tàn án. Òrùlé ihò yẹn ti sán. Bí páǹpù bá ń gbọ̀n, òkúta á máa já lé àwọn tó ń walẹ̀ lórí. Nígbà tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣì wà láàyè, mo gbà kí wọ́n fi ẹ̀mí wewu fún un. Mi ò lè ní kí alààyè fi ẹ̀mí wewu nítorí òkú."

"Ta ló sọ fún yín pé ó ti kú?"

"Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo débí, mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Fọ́máànù tó ti rẹ̀. A ò gbọ́ kí ó kan páìpù mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wo kọ̀ǹpútà, mo rí kú níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti rí nǹkan."

"Bó bá jẹ́ pé ó ṣèṣì ńkọ́?"

Ẹnjiníà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Màdáámù, ẹ bá mi wá ẹni náà. Kó dúró níwájú mi, kó ní òun ṣèṣì. Lójú ẹsẹ̀ ni màá tan páǹpù. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mi ò lè fi ẹ̀bẹ̀ ìyàwó rẹ̀ tan án."

Ọlọ́pàá ni wá. A lè mú olè, a lè ti ilẹ̀kùn wọlé, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí a pàṣẹ fún páǹpù. Mo dúró níbẹ̀ bí igi tí wọ́n gbé síta, mo sì mọ̀ pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, jórinjórin ń mí afẹ́fẹ́ tó kù síbẹ̀.

*

Ìyá Tábílì ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ náà, mo rò pé iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe. Mo wo yàrá rẹ̀, mi ò rí ju tábílì kan ṣoṣo tí wọ́n fi páálí ki ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi díẹ̀, ó ní tábílì tòun kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé abọ́ lé. Inú kọ̀ǹpútà ló wà: ìlà lọ sí ẹ̀gbẹ́, òpó lọ sísàlẹ̀, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan ìlà jórinjórin láti àná?" ni Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Ó rọrùn, mà. Ẹ̀rọ yìí ń ṣọ́ gbogbo ìlà. Bí èmi gan-an bá fọwọ́ kan ẹyọ kan, á kọ orúkọ mi." Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó sún mọ́ ọn. Ó tún un tẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan."

"Kò sẹ́nì kankan?"

"Láti ọjọ́ tí ihò ya. Ọjọ́ náà ni Fọ́máànù fi ọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Òun ló kọ..." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Òun ló kọ kú."

Mo ti di ṣẹkẹṣẹkẹ mú. Mo ní, "Ọ̀gá, ó ti tán."

"Kò tíì tán," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ẹ lọ pe Fọ́máànù wá."

*

Wọ́n jí Fọ́máànù lójú oorun ni. Ọkùnrin títóbi ni, ìka rẹ̀ ti bó, èékánná rẹ̀ ti ya níbi tó ti ń walẹ̀. Mo bi í bóyá òun àti jórinjórin ti jà rí. Kò sẹ́.

"A jà lórí òòlù mi tó yá tí kò dá padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣì ń bínú sí i láàárọ̀ tí mo ní kó lọ jó irin lọ́nà jíjìn. Èmi ni mo rán an síbẹ̀, ọ̀gá. Ẹ má wulẹ̀ rò pé mo ti gbàgbé."

"O sì kọ kú síwájú orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an!" ni mo fi ohùn líle wí.

"Èmi? Mo kọ kù! Ó kù sísàlẹ̀, mo kọ kù!"

"Ẹ̀rọ ní kú."

"Ẹ̀rọ yín ti ya wèrè nìyẹn! Èmi tí mo fi ìka walẹ̀ fún un láti ọjọ́ yẹn! Ta ní í fi ìka walẹ̀ fún òkú? Mo kan páìpù, ó dá mi lóhùn. Òòlù mi yẹn ló fi ń dá mi lóhùn. Àná ló dákẹ́, mo rò pé oorun ló gbé e lọ. Èmi náà wá lọ sùn." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Nígbà tí wọ́n ní ó ti kú, mo rò pé Ẹnjiníà ti mọ nǹkan tí mi ò mọ̀."

Ẹnjiníà gba kọ̀ǹpútà gbọ́, Fọ́máànù gba Ẹnjiníà gbọ́. Mo sún ṣẹkẹṣẹkẹ padà sí ìbàdí mi. Abẹ́rẹ́ ti lọ sẹ́nu géètì.

*

Níwájú kọ̀ǹpútà ẹnu géètì ni èmi àti Fọ́máànù ti bá a, fóònù Aránṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wo fóònù, ó ń wo kọ̀ǹpútà.

"Kọ́púrù, kí lo rí nínú fọ́tò yìí?"

"K àti u, mà."

"Kí ló wà lórí u?"

Mo wò ó. Kò sí nǹkan kan lórí u. Mo wo kọ̀ǹpútà, àmì wà lórí tibẹ̀.

"Wò ó dáadáa. Nínú fọ́tò, jade ni wọ́n kọ síwájú àwọn tó jáde, wole ni wọ́n kọ síwájú àwọn tó wọlé, kò sí àmì, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan. Láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

Orí mi wú. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà náà ló ti wọ àmì. Wọlé ti ní ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ àti èyí tó wà lókè. Jáde ti ní tirẹ̀. Kì í ṣe jórinjórin nìkan ló pààrọ̀ ojú, gbogbo ilé-iṣẹ́ ni.

"Ẹnì kan ti tún gbogbo wọn kọ," ni mo wí.

"Gbogbo òṣìṣẹ́? Látìgbà tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀? Tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà ò sì rí ọwọ́ kan ṣoṣo?" Ó yíjú padà. "Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ìyá Tábílì. Fọ́máànù, ẹ máa bọ̀."

Nígbà tí a débẹ̀, kò jókòó. "Ìyá Tábílì, ẹ bá mi pe gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ yìí bá ní ó kú. Kì í ṣe tòní nìkan o. Látọjọ́ pípẹ́."

Ìyá Tábílì tẹ̀ ẹ́. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó ń lọ, kò dúró.

"Fọ́máànù," ni Abẹ́rẹ́ wí, "ẹ̀yin rèé. Ẹ kú lóṣù tó kọjá. Ẹ tún kú lóṣù tó ṣáájú ìyẹn."

Mo wo Fọ́máànù. Ó ń mí, kódà òórùn oorun ṣì wà lára rẹ̀.

"Mo ṣiṣẹ́ pẹ́ ni lọ́jọ́ wọ̀nyẹn," ni Fọ́máànù wí. "Bí ẹgbẹ́ ẹni bá jáde tí èèyàn ṣì dúró parí iṣẹ́, kù ni wọ́n ń kọ síwájú orúkọ ẹ̀. Ó kù sísàlẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó pa jórinjórin," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n yí padà, àná sì bá a yí. Ìyá Tábílì, ẹ ṣàlàyé fún mi. Kí ni ẹ̀rọ yìí fi ń mọ̀ pé ọjọ́ ni ọjọ́, tí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀?"

Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn díẹ̀ láti rí ẹni tó bi í ní ohun tó mọ̀. "Òpó kọ̀ọ̀kan ló ní irú tirẹ̀, mà. Òpó ọjọ́ ìbí, irú rẹ̀ ni ọjọ́. Ẹ ò lè kọ orúkọ síbẹ̀. Òpó ọjọ́ orí, irú rẹ̀ ni nọ́ńbà. Báwo wá ni ẹ̀rọ ṣe mọ irú tó wà? Ó ní àwọn tábílì kan tó jẹ́ tirẹ̀, tó fi ń tọ́jú ìròyìn nípa ara rẹ̀. Ìlà kan wà níbẹ̀ fún irú kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ẹni tó dá a, bó ṣe gba àyè tó, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á wọlé, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ jáde. Kódà àyè wà téèyàn lè kọ àlàyé sí."

"Òpó tó ń sọ ibi tí òṣìṣẹ́ wà, irú wo ni?"

"Èmi ni mo dá ìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń kọ ìkọkúkọ síbẹ̀ nígbà kan. Mo wá dá irú kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ń gbà: wọlé, jáde, kù. Ẹ ò lè kọ nǹkan míì."

"Nítorí náà, kù ló wà nínú ìlà jórinjórin."

"Rárá, mà. Nọ́ńbà kékeré kan ló wà níbẹ̀, kó má baà gba àyè. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ńbà náà dúró fún, ọ̀dọ̀ àwọn tábílì ẹ̀rọ ló wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún gbogbo èèyàn. Bí a bá fẹ́ rí ìlà kan, ẹ̀rọ á mú nọ́ńbà náà lọ síbẹ̀, á wo ọ̀rọ̀ tó..."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kọ̀ǹpútà.

"Bí èèyàn bá wá yí ọ̀rọ̀ ọ̀hún padà níbẹ̀ ńkọ́?" ni Abẹ́rẹ́ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Gbogbo ìlà ló máa pààrọ̀ ojú," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Ti òní, ti àná, ti ọdún tó kọjá. Kò sì ní sí ìlà kan tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn."

"Ṣé ẹ̀rọ ń ṣọ́ ibẹ̀?"

"Tábílì àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ní kó máa ṣọ́. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ yẹn, mà. Mo rò pé kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀."

"Ta ló lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná?"

Ìyá Tábílì bo ojú. "Àmì lásán ni mo rò pé ó jẹ́," ni ó ń wí. "Mo pè é ní àmì lásán."

*

Tíṣà ni wọ́n ń pe bàbá tí Ìyá Tábílì dárúkọ fún wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ́fíìsì kékeré ni wọ́n fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ṣọ́bìrì sí. Ìwé ìròyìn kan ló ya fọ́tò kọ̀ǹpútà ẹnu géètì, tí àwọn tó ń kà á sì fi ilé-iṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò mọ àmì í fi sórí ọ̀rọ̀, ṣé òun ni yóò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ èèyàn nínú ihò. Ojú ti ilé-iṣẹ́, wọ́n sì wá ẹni tó gbọ́ èdè.

Ó dìde kí wa bí ọmọlúàbí. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ti rí iṣẹ́ mi lẹ́nu géètì? Èdè tí kò lámì, ìhòòhò ló wà."

"A ti rí i, bàbá," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Ìyá Tábílì ni mo lọ bá. Fóònù ń dún, ó ń dá àwọn èèyàn lóhùn, ó ti rẹ̀ ẹ́, ọmọ ọlọ́mọ. Ó ṣí ibẹ̀ fún mi, ó dìde kí n jókòó. Mo fi ọwọ́ ara mi fi àmì sí wọn. Mo bi í nípa ìkẹta. Ó ní, 'Ẹ wò ó fúnra yín, Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ àmì.'"

Abẹ́rẹ́ na fóònù Aránṣọ sí i. "Ẹ bá mi ka ìkẹta yẹn sókè, sà."

Tíṣà gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "Kú."

"Ẹ tún un kà. Ẹ kà á bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò tíì wálé láti ibi iṣẹ́."

Mo rí ìgbà tí ó yé e. Mi ò fẹ́ rí irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi, torí àgbàlagbà ni, ó sì jọ ọmọ tí wọ́n já sílẹ̀ lójú ọjà.

"Kù," ni Tíṣà wí. Lẹ́yìn náà ó tún un wí. "Kù. Olúwa ò, kù ni. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ ikú lójú ọ̀nà tí mo gbà wá. Ikú ló wà lọ́kàn mi. Mo fi àmì ohùn òkè síbi tó jẹ́ ti ohùn ìsàlẹ̀."

"Ẹ dìde, sà. Ẹ bá wa wá sọ bẹ́ẹ̀ fún Ẹnjiníà."

Kò lè sáré. Mo dì í mú lápá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e. Ẹnjiníà gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà, kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Àfi gìrìgìrì ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú àgbàlá. Bó ti tan páǹpù, Aránṣọ tó fi ọwọ́ lé irin náà gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

*

Wọ́n ní abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Mo ń fi òwe yìí tu ara mi nínú ní gbogbo ọ̀sán náà, mo ń wo ọ̀gá mi, mo ń sọ lọ́kàn mi pé abẹ́rẹ́ wa ti lọ. Fọ́máànù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Òun àti àwọn tí wọ́n pè padà wọ inú ihò, wọ́n ń fi ọwọ́ gbé òkúta bí ẹni ń gbé ẹyin. Ẹnjiníà náà wọlé, ó ní bí òkúta bá máa já lé ẹnikẹ́ni, kó já lé òun. Ní ìgbà dé ìgbà, gbogbo wọn á dákẹ́, Fọ́máànù á kan páìpù, á gbé etí lé e. Àwa tó wà lókè náà á di èémí mú.

Kò sí ìdáhùn. Á tún kan án. Kò sí ìdáhùn.

Èmi àti Abẹ́rẹ́ ò ní iṣẹ́ kankan mọ́ níbẹ̀. Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Mo bu omi fún Aránṣọ, kò mu ún. Mi ò rí ohun tí mo lè ṣe fún un, inú mi sì bàjẹ́ débi pé mo bá páǹpù sọ̀rọ̀, mo ní kó jọ̀ọ́, kó tẹra mọ́ ọn.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Ẹ̀gbẹ́ páìpù ni wọ́n ti bá a, ó fẹ̀yìn tì í, ó sún ẹnu mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Òòlù Fọ́máànù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ó gbé apá rẹ̀ sókè, ó rọra gbé e kalẹ̀. Ó wo Ẹnjiníà, ó tún wo ilẹ̀.

"Ara rẹ̀ ò tíì le," ni ó wí. "Òní ló kú. Lẹ́yìn ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ ti pẹ́ jù kó tó padà dé bá a."

Irọ́ tí ẹ̀rọ pa láàárọ̀ ti di òótọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnjiníà jókòó sínú amọ̀, kò dìde. Fọ́máànù gba òòlù rẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó ń bẹ jórinjórin pé kó má bínú, kó mú òòlù náà, kó mú un lọ, òun ò fẹ́ ẹ mọ́.

Aránṣọ pa ojú ọkọ rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ó wá bá wa.

"Ẹ ṣeun," ni ó wí. "Ẹ ti rí ẹni tó pa á nínú kọ̀ǹpútà. Ta ló wá pa á nínú ihò?"

Mo yíjú sí ọ̀gá mi. Ó dá fóònù padà fún Aránṣọ. Èmi tí ṣẹkẹṣẹkẹ wà ní ìbàdí mi, ta ni kí n fi sí lọ́wọ́? Ṣé Tíṣà tó fi àmì kan ṣoṣo sí òdì ni, àbí Ìyá Tábílì tó dìde lórí àga nítorí fóònù ń dún? Àbí Ẹnjiníà tó gba ohun tó rí gbọ́, àbí ẹni tó fi ìka walẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ? Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ẹni tí wọ́n ń mú bó bá fọ́ tán.

Wọ́n ní kí Ìyá Tábílì tún àkọsílẹ̀ ṣe kí ìròyìn tó jáde. Aránṣọ tẹ̀ lé wa wọ yàrá náà, kò sì sẹ́ni tó ní ìgboyà láti dá a dúró. Ìyá Tábílì dá kù padà sí ipò rẹ̀, àwọn tó wà láàyè sì tún jí. Lẹ́yìn náà ló wá rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ tí òun lè kọ síwájú orúkọ jórinjórin. Irú náà ò gbà ju wọlé, jáde, kù lọ. Kò rò ó rí pé wọ́n máa nílò ìkẹrin.

Ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tábílì ẹ̀rọ, ó fi ọ̀rọ̀ kan kún wọn. Ó tẹ k, ó tẹ u, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí ibi tí àmì wà. Tíṣà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá Tábílì bojú wẹ̀yìn wò ó, bàbá náà yí ojú sí ògiri.

"Àmì òkè ni," ni Aránṣọ wí lẹ́yìn wa. Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ọwọ́. "Ẹ fi sí i. Ó ti tọ́ báyìí."